Bí A Ṣe Lè Ran Àwọn Obìnrin Oníṣòwò Abẹ́òkúta Lọ́wọ́ Kí Àìsàn Má Baà Kó Owó Òwò Wọn Lọ

Ẹni tó bá gba Kẹmta kọjá láàárọ̀ kò ní ṣàìrí àwọn obìnrin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò aró, tí wọ́n ń ti aṣọ bọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fà á yọ sínú atẹ́gùn kí àwọ̀ rẹ̀ lè kúrò ní àwọ̀ ewé kí ó di aró. Ọwọ́ wọn a ti dúdú títí dé ìgúnpá. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àdìrẹ tí à ń rà ní ọjà Ìtòkú ti wá. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń dé ẹnu, yálà Èkó ló ń gbé tàbí òkè òkun, a máa fẹ́ ṣe nǹkan fún irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àsáláátù àti ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ náà sì ń dáwó jọ nítorí wọn lọ́dọọdún. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín ni ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é kí oore náà lè dé ara ẹni tí a ṣe é fún, kí ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bá ẹgbẹ́ kan ṣe iṣẹ́ yìí, owó òwò nìkan la pín. Aláró kan wà nínú àwọn tí a fún, obìnrin tó mọṣẹ́ débi pé àwọn oníbàárà ń ti Ìbàdàn wá bá a. Ó fi owó náà ra aṣọ funfun, ó pa á láró, ọjà sì ń yá. Oṣù kẹta kò tíì pé tí orí fífọ́ tó ti ń fara dà tipẹ́ fi gbé e dè. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Gbogbo aṣọ tó kù lórí igbá ni àwọn ọmọ rẹ̀ tà ní àtàpa lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí wọ́n lè rí owó ibùsùn san. Nígbà tí mo lọ kí i, ó jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ́ àwọn ọ̀rá tó fi ń di aṣọ fún oníbàárà sórí itan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ká wọn pẹlẹbẹ, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi bí ẹni pé ó jí owó wa kó. Kò jí nǹkan kan. Àwa la bu omi sínú agbè láìwo ìdí rẹ̀ bóyá ó ń jò.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ṣe irú ìrànlọ́wọ́ yìí má ya iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ìlera rẹ̀. Àpò méjì ni kí ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀: àpò òwò, tí àwọn obìnrin yóò máa fi owó ara wọn kún, àti àpò ìlera, tí olóore yóò máa bá wọn dá sí. Owó òwò ni ojú olóore máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí ó rọrùn láti fi han ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Abẹ́òkúta mọ òwò ṣe ju àwa tí à ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ, ohun tí apá wọn kì í sì í ká ni ìnáwó àìsàn tó dé lójijì.

Ẹ lọ bá wọn ní ìsọ̀ wọn

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ rí Ìyálọ́jà, ẹ lọ rí olórí ẹgbẹ́ àwọn aláró, ti àwọn onígàrí tàbí ti àwọn aláta tí ẹ ní lọ́kàn, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má pè wọ́n sí gbọ̀ngàn, nítorí ohun tí obìnrin máa ń sọ nínú gbọ̀ngàn ni ohun tó rò pé àlejò fẹ́ gbọ́. Ìbéèrè kan wà tí mo ti rí i pé ó dára ju gbogbo ìyókù lọ: “Ìyá, yàtọ̀ sí ọjà tí ẹ rà, kí ló gba owó tó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ yín ní ọdún tó kọjá?” Ẹ béèrè rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Owó ilé-ìwé yóò jáde, owó ilé yóò jáde, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dákẹ́ tó, iṣẹ́ abẹ ọmọ, oyún tó bàjẹ́, tàbí oògùn tí a ń rà lóṣooṣù fún ìyá àgbà náà yóò jáde.

Ìtàn ìlú wa kọ́ wa bí a ṣe ń fetí sílẹ̀ báyìí. Ní 1932, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin mìíràn tó kàwé bíi tirẹ̀ dá Abeokuta Ladies’ Club sílẹ̀, ìránṣọ àti ìtọ́jú ilé wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n wá jókòó ti àwọn obìnrin ọjà, àwọn wọ̀nyí sọ pé àwọn fẹ́ mọ ìwé kà, wọ́n sì sọ bí àwọn aláṣẹ ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn. Ohun tí wọ́n gbọ́ yìí ló yí ẹgbẹ́ náà padà, tó fi di Abeokuta Women’s Union ní 1946, tí wọ́n sì gbógun ti owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Ká ní wọn kò béèrè ni, ìránṣọ ni wọn ì bá máa kọ́ àwọn obìnrin ọjà títí dòní.

Ní ti ẹni tí ẹ óò ràn lọ́wọ́, ẹ má fi aṣọ ọrùn yàn wọ́n. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Obìnrin tó wọ ìró tó dára lọ sí ọjà Kútọ̀ lè jẹ́ ẹni tó jẹ gbèsè jù lọ níbẹ̀. Ẹ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n mọ ara wọn.

Àpótí alágàdágodo mẹ́ta

Kò sí obìnrin tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní èsúsú tàbí àjọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Kò sì sí ẹni tí a óò ṣàlàyé ẹ̀yáwó fún, nítorí owó tí àwọn ará ọjà sọ ní gbọ́mú-lé-lántà ti wọ ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀, àwọn agbowó rẹ̀ a sì máa wá ní ọjọ́ tí wọ́n dá, ọjà tà tàbí kò tà. Nígbà tí Muhammad Yunus, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, yá ènìyàn 42 ní dọ́là 27 lápapọ̀ ní abúlé kan ní Bangladesh ní 1976, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹ̀yáwó kékeré ni yóò gba àwọn aláìní là. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìwádìí mẹ́fà láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà jáde ní 2015, ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ ran àwọn kan lọ́wọ́ láti mú òwò wọn gbòòrò, kò sì yọ púpọ̀ wọn kúrò nínú ìṣẹ́. Èyí ni mo ṣe ń sọ pé kí olóore má di ayánilówó.

Ohun tó dára jù ni kí àwọn obìnrin fi owó ara wọn yá ara wọn. Ọ̀nà kan tó sún mọ́ èsúsú wa bẹ̀rẹ̀ ní 1991 ní Màrádì, ní orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí àjọ aṣèrànwọ́ CARE ti bá àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mata Masu Dubara sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Àwọn obìnrin tí wọ́n fọkàn tán ara wọn, tí wọn kò ju 25 lọ, yóò kó ara wọn jọ. Wọn yóò fẹnu kò sí iye owó ìpín kan. Ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, obìnrin lè ra ìpín kan, kò sì gbọdọ̀ ra ju márùn-ún lọ. Inú ohun tí wọ́n kó jọ náà ni wọn yóò ti máa yá ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì yá ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ti fi pamọ́ lọ. Èlé tí wọ́n bá san, wọ́n san án fún ara wọn ni, nítorí pé nígbà tí ọdún bá pé wọn yóò pín gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpín olúkúlùkù ṣe pọ̀ tó. Inú àpótí irin alágàdágodo mẹ́ta ni owó àti ìwé ń gbé; obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹni kẹrin ló sì ń gbé àpótí náà sílé. Níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni a ti ń ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin 20 ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìpín kan bá jẹ́ ₦1,000, tí obìnrin kọ̀ọ̀kan sì ń ra méjì lọ́sẹ̀, ₦40,000 ni wọn óò máa kó jọ lọ́sẹ̀, yóò sì tó ₦2,000,000 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 50, kí a tó ka èlé mọ́ ọn. Owó wọn ni. Olóore kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ kan kún un. Mo mọ̀ pé èyí yóò le létí ẹni tó fẹ́ ṣe oore, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó ìta bá wọ àpótí: àwọn tó yá a a máa sọ pé owó òyìnbó ni, tàbí owó alága, sísan rẹ̀ a sì di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Ohun tí ẹ lè rà ni àpótí, àgádágodo, ìwé ìpín àti ẹ̀rọ ìṣirò, kí ẹ sì san owó fún obìnrin kan tó mọ ìwé dáadáa tí yóò máa bá wọn jókòó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ fi ìpàdé sí ọjọ́ tí kò ní pa ìrun Jímọ̀ lára, tí kò bọ́ sí Sunday, tí kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ọjà kún.

Àpò ìlera

Inú àpótí kan náà ni àpò ìlera yóò wà, ṣùgbọ́n kí àwọ̀ aṣọ tí a fi rán an yàtọ̀, kí ìwé rẹ̀ náà sì dá dúró. Bí obìnrin 20 wọ̀nyẹn bá ń dá ₦200 síbẹ̀ lọ́sẹ̀, ₦4,000 ni. Níbí ni kí olóore ti fi ₦4,000 tirẹ̀ pàdé wọn, ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀, kó má sì dá a bí wọn kò bá dá tiwọn. Ní ọ̀sẹ̀ 50, ₦400,000 yóò ti kọjá nínú àpò náà. Kò lè san owó gbogbo àìsàn, àmọ́ ó lè san àwọn ìnáwó kéékèèké tí à ń fi falẹ̀ títí àìsàn fi ń di ńlá: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti oṣù yìí, owó àyẹ̀wò, owó tí a óò kọ́kọ́ san nílé ìgbẹ̀bí, owó ọkọ̀ òru. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òru yìí ká mi lára. Kí ẹgbẹ́ ti bá awakọ̀ méjì tí ilé wọn wà nítòsí sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí wọ́n kọ nọ́ńbà wọn sẹ́yìn ìwé ìpín, kí awakọ̀ sì mọ̀ pé àpò ìlera ni yóò sanwó fún òun láàárọ̀, kí aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ní aago méjì òru má baà máa wá ẹni tí yóò dúró dè é.

Obìnrin méjì ni kí ẹgbẹ́ yàn láti máa buwọ́ lu ohun tó bá jáde nínú àpò yìí, kí wọ́n jẹ́ ẹni tí ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ra. Nínú ìpàdé, iye owó tó jáde nìkan ni a óò kà. A kò ní dárúkọ aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní dárúkọ àìsàn. Ohun tó bá kéré, kí wọ́n fi ṣe ọ̀fẹ́. Èyí tó bá pọ̀, kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kí aláìsàn sì dá ìdajì padà díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé. Kí owó ìsìnkú àti ti ìsọmọlórúkọ má wọ ibẹ̀ rárá, nítorí àwọn ayẹyẹ wọ̀nyí yóò gbé e mì ní oṣù kan.

Nígbà tí àpò náà bá ti dúró, kí wọ́n ronú lórí ìbánigbófò ìlera. Òfin ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń bójú tó o. Ẹgbẹ́ lè forúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ pa pọ̀, kí wọ́n sì máa ti inú àpò san owó ọdọọdún.

Ohun tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe sí ara

Ẹ̀lú ni àwọn ìyá wa fi ń pa aró látijọ́. Lónìí, aró ìgbàlódé ló pọ̀ jù, kẹ́míkà méjì tí wọ́n ń pè ní kọ́stíìkì àti háídírọ́ọ̀sì ni wọ́n sì fi ń mú un jẹ aṣọ. Kọ́stíìkì a máa jó ara bí iná, bó bá sì ta sí ojú, ó lè fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí gbogbo aláró àti ọmọ iṣẹ́ wọn mọ òfin kan yìí dáadáa: inú omi ni a ń da kọ́stíìkì sí, díẹ̀díẹ̀, a kì í da omi lé kọ́stíìkì lórí, nítorí yóò hó, yóò sì ta sókè. Bó bá kan ara, omi púpọ̀ tó ń ṣàn ni kí a fi ṣan án fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, kí a má fi epo pupa tàbí ohun mìíràn pa á, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ. Háídírọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ọ̀rinrin níbi tí a bá kó o pamọ́ sí; ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbaná, òórùn tó ń ta jáde lára rẹ̀ sì lè há ẹni tó ní ikọ́ fée lọ́fun.

Bí ẹ óò bá ra ìbọ̀wọ́, ẹ ra èyí tó dé ìgúnpá. Mo ti rí páálí ìbọ̀wọ́ kúkúrú tí àwọn olóore kan kó wá, tí kò sẹ́ni tó lò wọ́n ju ọjọ́ kan lọ. Ìyá kan fi hàn mí: ó ti ọwọ́ bọ ìkòkò, aró gba ẹnu ìbọ̀wọ́ wọlé, ó kún inú rẹ̀, nígbà tó sì bọ́ ọ, àwọn ìka rẹ̀ ti hun jọ bí ti ẹni tó fi gbogbo ọ̀sán fọṣọ. Ó ní ọwọ́ lásán sàn ju èyí lọ, òótọ́ ló sì sọ. Ẹ ra bàtà òjò àti ìbòmú pẹ̀lú, kí ẹ sì ra jígí tó ń bo ojú fún àwọn tó ń po kọ́stíìkì. Fún àwọn onígàrí, èéfín igi ni ìyọnu wọn. Ààrò tó ní ihò tí èéfín ń gbà jáde, lábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, wúlò fún wọn ju ẹ̀rọ ìlọgbàágùdá kejì lọ.

Àyẹ̀wò tí ìtọ́jú tẹ̀ lé

Ìwà ìkà ni kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru obìnrin láàárín ọjà, kí a sọ fún un pé ó ga, kí a sì kó ẹ̀rọ wa lọ. Kí ẹ tó ṣètò àyẹ̀wò èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ bá ilé ìwòsàn tí ẹ óò darí wọn sí sọ̀rọ̀. Abẹ́òkúta kò ṣaláìní wọn: ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wà ní àwọn wọ́ọ̀dù, ti ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Abà, Sacred Heart sì ti wà ní Lántòrò láti 1895. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n lè gba àwọn obìnrin yín, iye tí wọn óò san, àti orúkọ nọ́ọ̀sì tí wọn óò bèèrè fún bí wọ́n bá débẹ̀.

Bí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, kí a tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn, kí dókítà sì sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹni tí a bá kọ oògùn fún yóò máa lò ó lójoojúmọ́ bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ yá gágá, ohun tó sì ṣòroó gbà nìyẹn. Ibẹ̀ ni àpò ìlera ti máa ń wúlò jù, nítorí owó oògùn oṣù kẹrin ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ san mọ́. Fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, àwọn obìnrin tó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni kí a máa yẹ̀ wò, nítorí pé a lè rí ohun tí yóò dá a sílẹ̀ kí ó tó di jẹjẹrẹ rárá, a sì lè wò ó sàn. Àwọn ọmọbìnrin wọn tó wà láàárín ọdún 9 sí 14 lẹ́tọ̀ọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà rẹ̀, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní October 2023. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á. Aboyún ní tirẹ̀ yẹ kó rí oníṣègùn ní ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ kó tó bí, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ní 2016. Ìgbà mẹ́jọ jẹ́ ọjọ́ ọjà mẹ́jọ tí obìnrin yóò pàdánù, nítorí náà kí ẹgbẹ́ ṣètò ẹni tí yóò bá a dúró ti igbá rẹ̀.

Ẹni tí kò lè ra ìpín kan

Opó kan lè wà tí kò ní ìsọ̀, tí kò ní ọjà, tí kò lè dá ₦200. Àpótí kò lè gbà á ní ọdún àkọ́kọ́, ó sì yẹ kí olóore ná owó tirẹ̀ ní tààràtà lé irú wọn lórí. Àjọ BRAC ti Bangladesh ló bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní 2002: wọ́n ń fún obìnrin ní ohun èlò òwò, wọ́n ń fún un lówó oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀ kó má baà jẹ òwò náà, wọ́n ń kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n ń bá a fi owó pamọ́, wọ́n ń bójú tó ìlera rẹ̀, ẹnìkan sì ń bẹ̀ ẹ́ wò déédéé. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Ghana, Ethiopia, Íńdíà àti orílẹ̀-èdè mẹ́ta mìíràn láàárín àwọn tó lé ní 10,000, èrè rẹ̀ ṣì wà lára wọn ní ọdún kan lẹ́yìn tí ètò náà parí. Ó ń gba owó, ó sì ń gba sùúrù nǹkan bí ọdún méjì. Obìnrin mẹ́ta tí a tọ́jú báyìí tẹ́ mi lọ́rùn ju ọgbọ̀n tí a pín ìrẹsì fún lọ.

Ní ti ìwé àṣẹ, bí ẹ bá fẹ́ máa gba owó lọ́wọ́ ará ìta lórúkọ ẹgbẹ́, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2020 ti là á sílẹ̀, kí ènìyàn méjì sì máa buwọ́ lu ìwé báńkì. Ẹ má ya àwòrán obìnrin kankan láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má sì yà á níbi tó ti ń gba oògùn.

Ní ọdún kejì, kí olóore dín owó tó fi ń pàdé wọn kù sí ìdajì. Ní ọdún kẹta, kí ó dá a dúró, kó sì fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn. Bí wọ́n bá pè yín síbi ìpínwó, ẹ lọ, ẹ jókòó sórí àga kan náà tí gbogbo wọn jókòó lé, kí ẹ má sì mú kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́. Ẹ óò rí i bí obìnrin kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ka owó tirẹ̀ lórí itan lẹ́ẹ̀mejì, kó tó fi etí ìró dì í. Àpò ìlera nìkan ni wọn kò ní pín. Wọn yóò kà á níwájú gbogbo ènìyàn, akọ̀wé yóò kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò dá a padà sínú àpótí, àwọn tó mú kọ́kọ́rọ́ yóò sì dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ti àgádágodo wọn.